Egbò Ẹwà Tí A Ń Fi Pamọ́



Bí àwọn kan bá rí àkọlé yìí, wọn á ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ni. Wọn á ní kí ló kan Ìrókò níbẹ̀, níbi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí a ti ń yan gàrí? Kí ló kàn wá pẹ̀lú àwọn tó ń lọ gé ikùn, tàbí àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ mú ìdí tóbi sí i? Àwa náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ olówó àti òṣèré ni a ka iṣẹ́ abẹ ẹwà sí, ohun tí a ń wò lórí fóònù tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Iléyá tó kọjá ló yí èrò wa padà.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a ti ń palẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìyá kan wọlé. A ti yí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó ní kí a ta kápúsù mẹ́rin fún òun, "èyí pupa àti yẹ́lò yẹn." A bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ tú u sójú egbò ni. Egbò ta ni? Ó nawọ́ sẹ́yìn: "Ti àbúrò yín yìí ni, Dókítà. Ó ṣubú lórí ọ̀kadà." (Ẹni tó bá ti ń ta oògùn lọ́dọ̀ wa, dókítà ni wọ́n ń pè é. Ó ti sú wa láti máa ṣàlàyé pé apòògùn ni wá.)

Ọmọbìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú híjáàbù ńlá, ó ń gbọ̀n. Ooru sì mú lálẹ́ ọjọ́ náà. A ní kó jókòó, kò jókòó. A tún un sọ, ìyá rẹ̀ ní kí a jọ̀ọ́ kí a jẹ́ kó dúró. Ibẹ̀ ni a ti fura. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú un wọ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí ó jáde, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò wá ni.

Kì í ṣe ọ̀kadà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nínú ilé kan ní Èkó, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ti gún ohun kan sí i ní ìdí méjèèjì, kí ìdí náà lè tóbi. Owó àjọ ọdún méjì ni ó kó sílẹ̀ fún un. Kò mọ orúkọ ohun tí wọ́n gún sí i lára. Apá kan ti le bí iṣu, ó gbóná, awọ ibẹ̀ ń dán, ọyún sì ń yọ níbi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Ìwọ̀n ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 39.6. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ó ti dé ibi mẹ́rin tí wọ́n ti ń ta oògùn tàbí tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́. Ó ti lo Ampiclox, ó ti lo Flagyl, wọ́n ti gún gentamicin fún un. Ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kadà ló sọ fún wọn.

A bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ fún ẹnì kankan. Ó wolẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ ìwáàsí tí wọ́n ṣe nínú àwẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn kò ti kúrò lọ́kàn wa. A ó padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹran ara ọmọ náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí kòkòrò ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní mọ ìdí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi jẹ́ àkókò tó pọ̀ jù.

Awọ ara wa ni odi ìlú wa. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà kún ìta odi náà, púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣe wá ní ibi kankan níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà níta. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ Staphylococcus aureus. Nínú imú ènìyàn ló ń gbé, nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń gbé e kiri láìmọ̀, ara wọn sì le dáadáa. Bí ẹni mẹ́wàá bá tò sí sáfù kan ní mọ́sálásí wa, ẹ fojú inú wo mẹ́ta nínú wọn. Kí ọ̀kan nínú wọn ṣáà fi ọwọ́ nu imú, kó fi ọwọ́ kan náà di abẹ́rẹ́ mú láìfọ̀ ọ́, ọ̀nà ti là fún kòkòrò náà. Àwọn mìíràn ń gbé inú omi. Pseudomonas fẹ́ràn ibi tó bá tutù tó sì lọ́rinrin. Àwọn kan tún wà tí wọ́n jẹ́ ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, inú omi ẹ̀rọ àti omi táńkì ni ilé wọn, oògùn tí ìjọba ń dà sínú omi kì í sì í tètè pa wọ́n. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ń mú àgbọ̀n ènìyàn le gbagidi, inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló máa ń sùn sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà màlúù Akínyẹlé kọjá mọ ohun tí a ń sọ. Fífi omi gbígbóná ṣan irin lásán kò tó láti pa èyí. Ẹ̀rọ tí ọsibítù fi ń se irin iṣẹ́ wọn máa ń gbóná dé ìwọ̀n 121 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kò sì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ abẹ ẹwà wá ní wàhálà tirẹ̀ lórí gbogbo èyí. Ọ̀rá ara ni wọ́n sábà máa ń fà jáde tàbí tí wọ́n ń gún nǹkan sí, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn púpọ̀ nínú ọ̀rá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé àwọn ọmọ ogun ara lọ síbi ìjà, òun náà ló ń gbé oògùn tí a gbé mì lọ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé dáadáa, kòkòrò a máa ṣe bó ṣe wù ú níbẹ̀. Bí wọ́n bá fa ọ̀rá jáde, àyè òfìfo máa ń kù, omi ara á wá dúró síbẹ̀, kòkòrò á sì rí ibi lúwẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohun àjèjì bíi silicone ni wọ́n fi síbẹ̀, kòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, wọ́n á yí nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ bo ara wọn bí ẹni kọ́ ilé, oògùn kì í sì í rọrùn fún láti wọ inú ilé náà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí gbogbo Ampiclox tí ọmọ náà gbé mì ràn án lọ́wọ́.

Kí a má sì dá Èkó nìkan lẹ́bi. Ìlà ojú ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tilẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn kọ ọ́ sára ọmọdé. Ṣùgbọ́n a ṣì ń lu etí ọmọbìnrin, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò tún dúró síbi tí àwọn ìyá wọn ń lu mọ́. Òkè etí ni wọ́n ń lu báyìí, níbi kérékéré. Kérékéré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ rárá. Bí Pseudomonas bá wọ ibẹ̀, etí náà lè wú, kó pọ́n, kó sì ká jọ títí láé. Àwọn kan ń fín ara pẹ̀lú, wọ́n á fi omi ẹ̀rọ lásán po yíǹkì tí wọ́n ń gún sínú awọ. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀: a dá odi lu nítorí ẹwà, a kò sì mọ ohun tó bá ihò náà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́n ní 2005 á rántí Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún náà ní Marbella, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti fa ọ̀rá ikùn rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó pé ọmọ 60 ọdún. Ní 2009, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ rán dókítà tó ṣe é ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún àìbìkítà tó fa ikú. Túùbù tó yẹ kó dúró nínú ọ̀rá ló ṣìnà wọ inú ikùn, ó lu ìfun ńlá, ó sì ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe. Ìfun ńlá yẹn ni kòkòrò pọ̀ sí jù nínú gbogbo ara ènìyàn. A kò sọ pé kòkòrò ló pa ìyàwó ààrẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ní agbára láti yan ilé ìwòsàn tó wù ú ní ilẹ̀ Yúróòpù, kí ni ẹ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi fóònù tan iná wò ó?

Ní 2011, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan láti London, ọmọ 20 ọdún, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lè gún silicone sí i ní ìdí. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tí wọ́n gún náà dé inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì kú. Obìnrin tó gún un kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ní 2015 ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10 sí 20.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ kòkòrò mu jù ni ti Dominican Republic. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń lọ síbẹ̀ nítorí pé owó iṣẹ́ abẹ ẹwà kéré níbẹ̀. Láàárín 2013 sí 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà rí ènìyàn 21 láti ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú egbò tí kò jinná. Ilé ìwòsàn márùn-ún ni wọ́n ti ṣe é fún wọn, 13 nínú wọn sì jẹ́ ti ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Mycobacterium abscessus ni kòkòrò tí wọ́n bá lára púpọ̀ nínú wọn, ọ̀kan nínú àwọn ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ní ó ń gbé inú omi. Kì í kánjú ní tirẹ̀. Ojú egbò á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jiná, ènìyàn á ti padà sílé, yóò ti máa dúpẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kókó pupa yóò wá máa yọ. Àwọn oògùn tí a ń tà ní kẹ́mísì kì í ràn án. Wọ́n ní láti tún la ara àwọn mìíràn nínú wọn, kí wọ́n sì máa lo oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìtàn yìí ni a fi ń bẹ àwọn dókítà àti oníkẹ́mísì ẹlẹgbẹ́ wa: bí egbò kò bá gbọ́ oògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ aláìsàn bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ kan láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fi bá ara wa wí, àwa tí a ń ta oògùn. Kápúsù tetracycline tí ìyá yẹn wá rà, a ti tà á rí láìbéèrè. Àwọn ènìyàn máa ń ṣí i, wọ́n á tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, á gbẹ, á dà bí ẹni pé ó ti jiná. Èèpá ni ìyẹn. Ọyún wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, ó sì ń wá ọ̀nà wọlé. Kápúsù jẹ́ ohun tí a ń gbé mì, wọn kò ṣe é fún ojú egbò. Ọyún tó bá ti gbá jọ sí ojú kan, oògùn nìkan kì í sábà ṣẹ́gun rẹ̀, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe là á kí ó dà jáde. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ tuntun, àwọn bàbá wa tó ń la eéwo mọ̀ ọ́n, ohun tí wọn kò ní ni ọ̀bẹ tó mọ́.

Àwọn kan sì gbà pé bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ tán, bí oògùn apakòkòrò bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí èyí ní 2016. Wọ́n ní bí iṣẹ́ abẹ kan bá nílò oògùn apakòkòrò láti dènà àkóràn, kí wọ́n fún ènìyàn láàárín wákàtí méjì ṣáájú kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí oògùn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí odi tó ṣí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán an tán, wọn kò gbà kí a máa fà á lọ fún ọjọ́ púpọ̀ torí kí kòkòrò má baà wọlé. Ẹni tó ń lò ó díẹ̀díẹ̀, tí ń dá a dúró, tí ń pààrọ̀ rẹ̀ láti kẹ́mísì kan sí òmíràn, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò ní ìjà. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ní 2019 nìkan, kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn mọ́ pa ènìyàn tó 1,270,000 káàkiri ayé. Díẹ̀ nínú ẹ̀bi yẹn wà lórí káńtà tiwa.

Ẹ̀bi tó kù, ẹ má bínú, ó wà ní mọ́sálásí.

A kì í ṣe àáfà, a kò sì ní bá àáfà du ìdájọ́. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé àtúnṣe ohun tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí yíyí ẹ̀dá padà nítorí ẹwà nìkan. Wọ́n ń tọ́ka sí ‘Arfaja, ẹni tí imú rẹ̀ gé lójú ogun Kulāb. Ó kọ́kọ́ lo imú fàdákà, ó ń rùn, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ní kó fi wúrà ṣe é. (Kódà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òórùn àti kòkòrò wà nínú rẹ̀ lójú tiwa.) Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tó là, ẹni tí iná jó, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ba ojú rẹ̀ jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀sìn dí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ka tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wà ní UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn láti 1957, àjọ Smile Train sì ń ran àwọn ilé ìwòsàn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà kí wọ́n lè tún ètè àwọn ọmọdé ṣe láìgba owó. Ní ti gígún ìdí nítorí kí ó lè tóbi, a mọ ohun tí púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ sọ. Àwa náà kò fọwọ́ sí i, yálà gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí tàbí gẹ́gẹ́ bí apòògùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe é ńkọ́? Ìwáàsí tí ọmọ yẹn gbọ́, àwa náà wà níbẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pe àwọn tó ṣe é ní oríṣiríṣi orúkọ, tí wọ́n ní kí ohun tó bá ṣe wọ́n máa ṣe wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí àwa náà ti rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ ọ tí yóò gbé ẹ̀rín yẹn lọ sí Èkó, tí yóò tún gbé e padà wálé pẹ̀lú ibà lára.

Ìtàn kan wà nínú àkójọ hádíìsì Abū Dāwūd, láti ọ̀dọ̀ Jābir. Òkúta lu ẹnì kan lórí lójú ìrìn-àjò, ó sì di ẹni tí ìwẹ̀ jánábà di dandan fún. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá ìdẹ̀ra wà fún òun láti ṣe tayammum, ìyẹn fífi erùpẹ̀ ṣe ìmọ́ra. Wọ́n ní kò sí, omi kúkú wà nílẹ̀. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ka ikú náà sí wọn lọ́rùn, ó ní kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe òkúta ni ó bá wí. Àwọn tí ẹnu wọn le sí ẹlẹ́gbò ni.

Ohun tí a ń bẹ àwọn àáfà wa, àwọn ìyá àsàláátù wa, àti ẹ̀yin òbí fún ni pé, bí ẹ bá ti wí pé nǹkan kan kò dára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn kan kún un: ẹni tó bá ti ṣe é tí ara rẹ̀ kò yá, kó sáré sọ, a kò ní dójú tì í. Gbólóhùn kan ni. Kò dín ìwáàsí kù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀, ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà kò sì tíì tì, ṣùgbọ́n òkú kò lè ronú pìwà dà.

Fún ẹni tí ojú abẹ bá wà lára rẹ̀, ti ẹwà ni o, ti ìbímọ ni o, ti ìpá ni o, ìrora tó yẹ ni èyí tó ń dín kù lójoojúmọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, tí ìrora ń pọ̀ sí i, tí ibẹ̀ ń pọ́n tó sì ń gbóná, tí ó ń rùn, tí òtútù ń mú ọ, ẹ má dúró. Lára ẹni tó dúdú bíi tiwa, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná ju ibòmíràn lọ. Ẹ fi báírò fa ìlà yí ibi tó wú ká. Bí wíwú náà bá kọjá ìlà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni. Bí ìrora bá pọ̀ ju bí ojú egbò ṣe rí lọ, tàbí tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú tó ń léròrò, wákàtí ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka ọjọ́. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ ẹran ara bí iná ọ̀dàn.

Ẹ má fi omi àlùwàlá kan ojú abẹ tó ṣì tutù. Ẹ bi àáfà yín bí ẹ ó ṣe pa ọwọ́ lórí báńdéèjì tàbí bí ẹ ó ṣe ṣe tayammum. Ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ fi sílẹ̀ ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó la á, torí ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa fa ìjiná egbò sẹ́yìn. Ẹni tó sì ń bóra, kó má tijú, kó sọ. Púpọ̀ nínú ìpara yẹn ló ní clobetasol nínú, ó ń mú awọ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Dókítà á rán an, okùn á fà á ya, kòkòrò á sì wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì wà, ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó bá sún mọ́ yín.

Ẹni tó bá sì ti pinnu pé òun yóò ṣe é dandan, tí kò gbọ́ tiwa, a kò ní torí ìyẹn fi òótọ́ pamọ́ fún un. Dókítà tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ MDCN, ìwé náà sì ní orúkọ àti ọdún. Béèrè rẹ̀. Béèrè orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ gún sí ọ lára, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Béèrè ibi tí wọ́n ti ń se irin. Ẹni tó bá bínú nítorí ìbéèrè mẹ́ta yìí, dìde kúrò níwájú rẹ̀. Kódà èyí tó ní ìwé àti pátákó pàápàá lè bọ́ sí wàhálà. Ní 2020, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa ní Èkó lẹ́yìn tí ẹnì kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kú.

Ọmọ tiwa yẹn, ìdájí ọjọ́ kejì ni a gbé e, láti Ìrókò dé Mọ́níyà, a gba Ọ̀jọ́ọ̀ wọ Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló dì mú. Wọ́n là á, wọ́n fa ọyún jáde, wọ́n gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí láàbù. Staphylococcus náà ni, ó sì jẹ́ irú èyí tí Ampiclox kò lè ṣe ní nǹkan kan. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n là á. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Wọn kò rí gbogbo ohun tí wọ́n gún sí i lára kó jáde, wọ́n sì ti sọ fún un pé ó lè tún ru sókè. Ó ti ń jókòó báyìí, lórí tìmùtìmù.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a máa ń gbé tábìlì sí abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, níbi tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ojú rí òun níbẹ̀, kó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wá lẹ́yìn Ìṣáì. Obìnrin wà lára wa tí yóò wo ojú egbò obìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ní kí a ta kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn fún yín, ẹ jẹ́ kí a rí egbò náà.